Ewé Di Alágbẹ̀dẹ: Iṣẹ́ Tí Ewé Ń Ṣe Nínú Oògùn Ẹ̀rún Fàdákà

  Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé. Mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n jókòó níhìn-ín. Kí wọ́n yọ̀ǹda fún mi kí n sọ̀rọ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi omi ewé àti fàdákà ṣe ohun tí ó ń pa kòkòrò àrùn. Nígbàkígbà tí ìròyìn náà bá dé, ohùn méjì ni ó máa ń dáhùn láàrin wa. Ohùn kìíní a ní àwọn babańlá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, òyìnbó kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Ohùn kejì a ní olè ni wọ́n, ewé wa ni wọ́n ń kó lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí a sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú oògùn yìí, kí ni ewé ń ṣe gan-an? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi ohun tí ó tọ́ kí a fi yangàn hàn wá, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ tà fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Bí iṣẹ́ náà ti rí

Kò pọn dandan kí a rìn jìnnà. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, LAUTECH, tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ olùwádìí kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef, onímọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí, jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀. Ní 2015, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ṣe lè fi omi obì gbànja àti ti èèpo rẹ̀ sọ iyọ̀ fàdákà di ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tí ó lágbára láti pa kòkòrò àrùn. Ní 2016, wọ́n fi èèpo kòkó ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò ṣòro láti tẹ̀lé. A ó fọ ewé tàbí èèpo náà, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, a ó sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, a ó da díẹ̀ nínú omi ewé yìí sínú omi mìíràn tí a ti po iyọ̀ fàdákà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní silver nitrate. Iyọ̀ náà kì í pọ̀: ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí kò ju nǹkan bí 0.17 gíráàmù nínú lítà omi kan. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, omi tí ó ti mọ́ gaara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, yóò sì di pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tí a rẹ èèpo igi sí. Àwọ̀ yẹn ni àmì àkọ́kọ́ pé fàdákà ti jáde kúrò nínú iyọ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú omi náà? Nínú iyọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan átọ́ọ̀mù fàdákà ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Àwọn èròjà kan wà nínú ewé àti nínú èso tí wọ́n ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti fi tọrẹ. Lára wọn ni àwọn tí ó ń mú kí obì gbẹ ẹnu ẹni tí ó ń jẹ ẹ́, tí ó sì ń kun eyín rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó dá ohun tí fàdákà pàdánù padà fún un. Bí átọ́ọ̀mù fàdákà bá ti rí tirẹ̀ gbà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù mọ́ ara wọn. Bí kò bá sí ohun tí ó dá wọn dúró, wọn yóò máa ṣù títí wọn yóò fi wúwo, tí wọn yóò sì rì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà inú ewé tún ń bo ìṣù kéékèèké wọ̀nyí, bí a ti ń fi ewé eéran di ẹ̀kọ, kí ọ̀kan má baà lẹ̀ mọ́ èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dúró ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí, láti nánómítà 1 dé 100. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo tó nǹkan bí nánómítà 80,000 ní ìbú.

Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí kíkéré fi di agbára. Odidi ata tí a jù sínú ìkòkò kò lè ta bí ata tí a lọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá mú ègé fàdákà onígun mẹ́rin kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà papọ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6 lọ. Bí a bá wá gé e wẹ́wẹ́ títí gígùn, ìbú àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi jẹ́ nánómítà 10, gbogbo ojú wọn papọ̀ yóò di mítà onígun mẹ́rin 600. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, láti ara fàdákà tí kò tó gbólóhùn obì. Láti ojú wọ̀nyẹn ni fàdákà ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ kòkòrò àrùn, ó ń ba awọ náà jẹ́, ó ń di àwọn purotéènì inú rẹ̀ mú, ó sì ń da iṣẹ́ ara rẹ̀ rú. Nítorí pé ó ń gba ọ̀nà púpọ̀ jà lẹ́ẹ̀kan náà, kò rọrùn fún kòkòrò láti tètè kọ́ bí yóò ṣe sá fún un. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe, nítorí a ti rí àwọn kòkòrò tí wọ́n ní ọ̀nà láti lé fàdákà jáde kúrò lára.

Ìdí tí ayé fi ń wá irú ohun ìjà báyìí kò fara sin. Àwọn oògùn apakòkòrò tí a ti gbẹ́kẹ̀ lé láti ìgbà ogun àgbáyé kejì kò ràn àwọn kòkòrò kan mọ́. Ìwádìí àgbáyé tí jọ́nà The Lancet tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé ní 2019 nìkan, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni àìgbọ́-oògùn kòkòrò àrùn pa. Bí a bá fi wé iye olùgbé, ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ó ti burú jù lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga ẹ̀yà.

Alágbẹ̀dẹ ni, kì í ṣe oníṣègùn

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Nínú iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé yìí, ta ni ó ń pa kòkòrò: ewé ni, àbí fàdákà?

Fàdákà kò dúró de ewé kí ó tó mọ bí a ṣe ń pa kòkòrò. Ní 1881, dókítà agbẹ̀bí kan ní ìlú Leipzig ní Jámánì, Carl Credé, tẹ̀ ẹ́ jáde bí òun ṣe ń kán omi iyọ̀ fàdákà sí ojú ọmọ tuntun kí àrùn tí ó lè fọ́ ọmọ lójú má baà mú un. Kò sí ewé kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísọ irin di ẹ̀rún tí ojú kò lè rí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1857 ni Michael Faraday ti ṣàlàyé omi pupa tí ó fi ẹ̀rún wúrà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni fífi ewé ṣe iṣẹ́ tí a ti ń fi kẹ́míkà líle ṣe. Nǹkan bí 2003 àti 2004 ni èyí gbilẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà lo irúgbìn alfalfa, tí àwọn ará Íńdíà sì lo ewé dóńgóyárò.

Láti ìgbà náà, ewé tí a ti lò kò lóǹkà. Wọ́n ti lo ewé tíì. Wọ́n ti lo èèpo ọsàn. Ní 2016, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà fi òwú aláǹtakùn ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí dáadáa. Bí èèpo ọsàn àti òwú aláǹtakùn bá lè sọ iyọ̀ fàdákà di ẹ̀rún, a jẹ́ pé kì í ṣe òkìkí tí ewé kan ní lọ́dọ̀ oníṣègùn ni ó mú un ṣe iṣẹ́ náà. Ewé inú iṣẹ́ yìí, alágbẹ̀dẹ ni. Ó rọ fàdákà, ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ni ó roko.

Èmi kò sọ pé ewé kò já mọ́ nǹkan kan. Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ kan rọ lè dára ju ti òmíràn lọ. Aṣọ tí ewé wọ̀ fún fàdákà ń yí ìtóbi rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ padà, ó sì lè yí agbára rẹ̀ padà. Ó sì ṣeé ṣe kí èròjà tí ó wà nínú aṣọ náà bá a jà. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹnu lásán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Ẹni tí ó bá lóye òwe yìí ti lóye àyẹ̀wò: ẹ mú ohun kan kúrò, kí ẹ wo bóyá yóò ṣì jẹ́. Ẹ fún kòkòrò ní omi ewé nìkan. Ẹ fún un ní iyọ̀ fàdákà nìkan. Ẹ fún un ní ẹ̀rún tí ewé rọ. Ẹ fi oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wọ̀n wọ́n. Bí ìwádìí kan kò bá ní àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò tíì lè sọ ohun tí ewé ṣe fún wa, bí orúkọ ewé náà tilẹ̀ gba iwájú àkọlé rẹ̀.

Fún ìdí èyí, ohùn kìíní kò tọ́. Àwọn babańlá wa kò rọ ẹ̀rún fàdákà láti inú silver nitrate, wọn kò sì nílò kí a purọ́ mọ́ wọn. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ jẹ́ kí a wá ohun tí ó jẹ́ tiwa ní tòótọ́.

Ìmọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un wá síbẹ̀. Nínú ìṣègùn Yorùbá, orúkọ oògùn sábà máa ń gbé ọ̀nà ìpèsè rẹ̀ pamọ́. Àgúnmu ni ohun tí a gún tí a sì ń mu. Àsèjẹ ni ohun tí a sè tí a sì ń jẹ. Àgbo ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ni gbo: kí a fi ọwọ́ fún ewé tútù nínú omi títí omi rẹ̀ yóò fi jáde. Kò sí iná nínú ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, ìkòkò orí iná ni ọ̀pọ̀ àgbo tí à ń rà ti ń wá. Ó lè jẹ́ pé sísè yẹ àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ń rán wa létí pé gbígbo àti sísè kì í ṣe ohun kan náà.

Ta ni yóò ní irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ kò ṣe pàtàkì? Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Ìyáàfin Tu Youyou àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà nínú ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao, èsì àyẹ̀wò wọn kò sì dúró sójú kan. Ó wá padà sí ìwé ìṣègùn tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún ṣáájú. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu ún. Kò ní kí a sè é. Láti inú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ó ti fura pé iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá ọ̀nà tí kò nílò ooru púpọ̀, ó sì rí oògùn tí a ń pè ní artemisinin. Oògùn tí a fi ń wo ibà níhìn-ín lónìí ń bẹ lára èso iṣẹ́ náà. Ní 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Nínú iṣẹ́ Tu Youyou, ìmọ̀ àtijọ́ ni ó tọ́ka ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rún fàdákà, orúkọ ewé ìṣègùn kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni; ewé mìíràn ì bá ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yàrá ìwádìí ni pé kí ìmọ̀ oníṣègùn wọ inú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ewé wo ni àwọn àgbà yàn fún ojú egbò, tí kì í ṣe fún inú rírun? Tútù ni àbí gbígbẹ? Gbígbo ni àbí jíjó? Ewé wo ni wọn kì í pò mọ́ òmíràn, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Orúkọ pẹ̀lú ní láti péye. Gbànja ni obì tí wọ́n lò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 2015, èyí tí ó ní awẹ́ méjì. Àbàtà ni èyí tí a fi ń bọ Ifá. Igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá kàn sọ pé "obì" ni, tí ó sì ń pariwo pé sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí obì Ifá, ti fi igi kan jẹ́rìí fún igi mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dóńgóyárò: ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Haúsá ni orúkọ rẹ̀, ìhà Íńdíà sì ni igi náà ti wá. Èdè fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé àlejò ni láàrin ewé wa. Pierre Verger, tí a fi Fátúnmbí jẹ ní ilẹ̀ wa, fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún wa nínú ìwé Ewé tí ó jáde ní Brazil ní 1995: ó to orúkọ Yorùbá pẹ̀lú orúkọ àwọn onímọ̀ ewéko, ó sì fi hàn bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ ṣe ń so mọ́ orúkọ ewé.

Ẹ̀tọ́ wa àti ẹ̀rí wa

Ní ti ohùn kejì, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán. Ní 1994, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan àti ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Yúróòpù lórí lílo òróró dóńgóyárò láti dènà olú tí ó ń ba irúgbìn jẹ́. Àwọn ajìjàgbara gbé ẹjọ́ dìde. Wọ́n fagi lé ìwé náà ní 2000, a sì fìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀ ní 2005. Ní 1997, Amẹ́ríkà fagi lé ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo egbò, nítorí pé àjọ ìwádìí Íńdíà kó àkọsílẹ̀ jọ, àwọn ìwé àtijọ́ sì wà lára wọn. Kì í ṣe ariwo ni ó ṣẹ́gun nínú ẹjọ́ méjèèjì. Ẹ̀rí ni: ẹ̀rí pé ìmọ̀ náà ti wà ní lílò kí olùbéèrè tó dé.

Àdéhùn Nagoya, tí ayé ṣe ní 2010 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ó yẹ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìmọ̀, kí a sì bá wọn pín èrè. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò bá pín in bí kò bá sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé àwa ni a mọ̀ ọ́n? Mo mọ ohun tí yóò máa jà lọ́kàn àwọn àgbà: awo ni awo ń jẹ́. Èmi kò ní kí a tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọfọ̀ àti ìpèdè rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí a tẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ìdílé oníṣègùn kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ewé, ibi tí ó ń hù, ọ̀rọ̀-ìṣe ìpèsè rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti àrùn tí ó ń wò sínú ìwé, kí wọ́n fi ọjọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ó sì wà ní ìkáwọ́ wọn. Àgbà kan tí ó wọlẹ̀ láì kọ ọ́ ti kó ẹ̀rí wa dání lọ.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ tà

Èyí tí ó kù ni èyí tí ó wúwo jù. A ti ń rí ìgò tí wọ́n kọ "nano" sí lára láàrin àwọn ọjà ewé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ń da fàdákà pọ̀ mọ́ àgbo ní ilé ìdáná rẹ̀ kò mọ ìtóbi ohun tí ó ṣe, kò sì mọ iyọ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Silver nitrate ń jó awọ ara. Fàdákà tí ènìyàn ń mu léraléra lè jókòó sínú awọ títí ara yóò fi di aláwọ̀ eérú tí ó ṣe bí aró, kì í sì í ṣeé fọ̀ kúrò. Ní 1999, àjọ tí ó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn kò gba omi fàdákà tí wọ́n ń tà fún mímu gẹ́gẹ́ bí oògùn tí kò léwu tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́. Fàdákà ní ipò tirẹ̀ nínú ìwòsàn, pàápàá nínú aṣọ tí wọ́n fi ń di ojú iná, ṣùgbọ́n ìta ara ni ìyẹn, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ sì ni ó wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣi òjé mú fún fàdákà nítorí pé àwọ̀ wọn jọra. Ní 2010, òjé tí ó bá erùpẹ̀ ìwakùsà wọlé pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara.

Ohun tí ó pa kòkòrò nínú àwo lè pa ènìyàn pẹ̀lú. Láti inú àwo dé inú ara, ọ̀nà jìn. Bí a bá sáré tà á lórúkọ Ọ̀sanyìn, ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ọmọ kan bá bàjẹ́, Ọ̀sanyìn ni wọn yóò bú, kì í ṣe ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀yin àgbà awo, gbogbo wa ni a mọ òfin tí ó wà lórí ọpọ́n. Odù tí ó bá yọ ni babaláwo ń kì. Kò gbọdọ̀ kì èyí tí ó wù ú, bí ire tí ẹni tí ó wá ń retí tilẹ̀ wà nínú òmíràn. Èsì ìwádìí náà jẹ́ odù tí ó yọ. Èyí tí ó yọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rún fàdákà ní báyìí sọ pé alágbẹ̀dẹ rere ni ewé wa. Kò tíì sọ pé òun ni ó wo àrùn náà. Ẹ jẹ́ kí a kì í bí ó ti rí, kí a sì bèèrè ìbéèrè tí yóò mú odù mìíràn yọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ gbé àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣègùn sí ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé. Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ fún wọn ní orúkọ tí ó péye àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó péye, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe àdéhùn.

Kí Ọ̀sanyìn má jẹ́ kí ewé sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a ṣi odù kì.  Àṣẹ o.